Èsì: Bí pickguard aláwọ̀ igbá ahun ṣe ń dán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní pickguard (ike pẹlẹbẹ tó ń dáàbò bo ojú gìtá kí ó má baà ha) tí ẹ fi celluloid, irú ike kan, gé fún gìtá yín kò dán, etí rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki. Ẹ má tíì fi pólíìṣì kàn án o! Ẹ fi abẹ ha etí rẹ̀ kí ó rọra dà sísàlẹ̀, kí ẹ wá rẹ sáńpépà nọ́ńbà 600 sómi (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni sáńpépà ń kúnná sí i), kí ẹ fi gbo ó títí gbogbo ojú rẹ̀ yóò fi ṣú dọ́gba. Ibí yìí ni kí ẹ ti ní sùúrù jù, torí ìlà kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́kù, dídán ló máa tú u fó. Lẹ́yìn náà, ẹ lo sáńpépà 1000, 1500 àti 2000 tẹ̀léra, kí pólíìṣì àti aṣọ òwú rírọ̀ tó kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ẹ̀rọ: celluloid máa ń rọ̀ bó bá gbóná, ó sì tètè ń gbiná.