Ṣé lóòótọ́ ni California ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Larry Itliong, Filipino tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ oko ní Amẹ́ríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ni lọ́dọọdún, ọjọ́ tí wọ́n bí i ní Philippines lọ́dún 1913. Wọ́n ṣòfin rẹ̀ ní 2015: gómìnà ni yóò máa kéde ọjọ́ náà, òfin sì rọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láti máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Kì í ṣe ọlidé o. Ilé ẹ̀kọ́ kì í tì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ oko látorí Cesar Chavez, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko tó jẹ́ ọmọ ìran Mexico. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1965 ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni Itliong ṣáájú àwọn Filipino tó ń ká èso àjàrà ní Delano, ìlú kan ní California, tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ gba dọ́là 1.40 fún wákàtí kan. Ó mọ̀ pé táwọn ará Mexico bá ń wọ oko lọ síṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì náà máa fọ́, torí pé ọgbọ́n àwọn olóko ni láti fi ẹ̀yà kan rọ́pò èkejì. Ìdí nìyẹn tó fi lọ bá Chavez. Ẹgbẹ́ Chavez dara pọ̀ mọ́ wọn lóṣù yẹn kan náà, ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan ní 1966, àwọn olóko Delano sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1970.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Union City ní California náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Philip Vera Cruz, akẹgbẹ́ rẹ̀.