Kí Ló Pa Ìgbálẹ̀ àti Fóònù Pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Nígbà kúìsì ìparí táàmù, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún pé: “Ìgbálẹ̀, ṣíbí, abẹ́rẹ́, fóònù: kí ló pa wọ́n pọ̀?” Ìdáhùn mi ni pé ọwọ́ la fi ń lo gbogbo wọn. Ọmọ kan ní gbogbo wọn ló máa ń sọ nù, tí a ó sì máa wá wọn kiri. Òmíràn ní gbogbo wọn ló wà nílé àwọn. Mo fún àwọn méjèèjì ní òdo, ni ìyá ọ̀kan bá gbé ìjà dé. Ṣé àwọn ọmọ yìí ni kì í ronú jinlẹ̀ ni, àbí kí n wá àwọn nǹkan tó tún jìnnà síra jù báyìí lọ?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ dá máàkì àwọn ọmọ yẹn padà fún wọn. Wọ́n gbà á. Àlọ́ yín ni kò dáa.

Àṣìṣe yìí ti sú mi í rí. Àwọn èèyàn rò pé bí ohun tí apàlọ́ ní lọ́kàn bá ti jẹ́ òótọ́, ó ti di ìdáhùn nìyẹn. Rárá o! Òótọ́ nìkan ò tó, torí kò sí nǹkan méjì láyé tí òótọ́ kan kò pa pọ̀. Ẹ wo ìgbálẹ̀ àti fóònù: ọjà la ti ń rà wọ́n, a kì í jẹ wọ́n, méjèèjì fúyẹ́ ju àpò sìmẹ́ńtì lọ, kò sì sí èyí tó ń sunkún nínú wọn. Ẹ lè máa kà á lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Satosi Watanabe, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jàpáàn, fi ìṣirò hàn ní 1969 pé bí a bá ka gbogbo àbùdá láìka ọ̀kan sí pàtàkì ju èkejì lọ, ohun tó pa ṣíbí méjì pọ̀ kò ju ohun tó pa ṣíbí àti ìgbálẹ̀ pọ̀ lọ. Àwa la máa ń yan èyí tó jẹ wá lógún.

“Ọwọ́ la fi ń lò ó” mú ọ̀bẹ, ó mú kọ́kọ́rọ́, garawa, bíírò, àdá. Kí ni kò mú? Bí ẹ bá sì tún lọ wá nǹkan tó jìnnà síra sí i, ẹ ó tún bà á jẹ́ ni, torí ìdáhùn tó máa kó gbogbo wọn pọ̀ á túbọ̀ fẹ̀.

Ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀ irú àlọ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ mú ìdáhùn, kí ẹ tó wá nǹkan. Ẹ jẹ́ ká mú “ọrùn”. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ní ọrùn lẹ́nu Yorùbá sílẹ̀, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kí ẹ wá ṣẹ́ ẹ kù sí mẹ́rin: ẹ̀wù, ọwọ́, ẹsẹ̀, ìgò. Ẹ wá máa fi ìka bo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bo ìgò, mẹ́ta tó kù á ní ìdáhùn mìíràn: ara èèyàn la ti ń rí wọn. Ìgò ló pa ìdáhùn yẹn, nítorí náà ẹ má yọ ọ́. Ẹ tún wo ọwọ́ àti ẹ̀wù: ọmọ á ronú kan ọwọ́ ẹ̀wù, á sì ṣìnà díẹ̀. Ìyẹn dáa, adùn àlọ́ nìyẹn. Akèrègbè náà lọ́rùn, àmọ́ bó bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, wọ́n á já a kíákíá. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn kíláàsì kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú kíláàsì, kí ẹ dárúkọ nǹkan mẹ́wàá tó wà níbẹ̀. Bí ìdáhùn yín bá bá ju méjì lọ mu, ẹ dà á nù.

Ẹ tún lè fi ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ìdáhùn. “Pa” mú òwe, àlọ́, iná àti àgọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún “ta”. Ayò, ọfà, tẹ́tẹ́, kókó: ó dùn-ún gbọ́, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn. Tẹ́tẹ́ á di ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kókó á di kòkó, ọmọ kan á sì ní gbogbo wọn la lè tà lọ́jà. Ẹ ò ní lè bá a jiyàn. Àmì ohùn pọn dandan.

Kí ẹ tó gbé e dé kíláàsì, ẹ bi àgbàlagbà mẹ́ta tí kò mọ ìdáhùn, kí ọ̀kan jẹ́ ará ìlú mìíràn, torí orúkọ nǹkan ilé máa ń yí padà láti Ìjẹ̀bú dé Èkìtì. Bí méjì nínú wọn bá mú ìdáhùn kan náà tí kì í ṣe tiyín, ẹ pààrọ̀ nǹkan kan. Ní ti máàkì, ẹ lè ṣe bíi ti Only Connect, ètò kúìsì orí tẹlifíṣọ̀n BBC: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣí àwọn nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá já a lórí àkọ́kọ́ gba 5, lórí ìkejì 3, lórí ìkẹta 2, lórí ìkẹrin 1, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40. Fún ọmọ kíláàsì karùn-ún, ẹ fi àkókò kún un.

Ní ti pé bóyá àwọn ọmọ náà kì í ronú, mi ò lè wo ọpọlọ ọmọ láti inú lẹ́tà, kúìsì náà ò sì lè wò ó. Ìdánwò làákàyè tí David Wechsler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé jáde ní 1939 ní apá kan tó ń béèrè ohun tó pa nǹkan méjì pọ̀, àmọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é fún ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú òfin máàkì tó wà nílẹ̀. Àwòrán orí WhatsApp tó ń pariwo pé ọlọ́pọlọ pípé nìkan ló lè já a, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ̀kọ́ ọmọ kan bá ń kó yín láyà sókè lóòótọ́, ẹ darí òbí rẹ̀ sọ́dọ̀ onímọ̀ tó lè jókòó ti ọmọ náà.

Ọmọ tó ní gbogbo wọn ló máa ń sọ nù yẹn, ẹ jẹ́ kó bá yín pa àlọ́ táàmù tó ń bọ̀.