Ẹ má fọkàn tán ìrántí yín lórí ohun tí ẹ kọ

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ti kọ ìtàn yín dé orí 12, tí ẹ ò rántí orí 3 mọ́, tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ padà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀: kò sí nǹkan tó ṣe ọpọlọ yín. Àwọn tó ń pariwo pé èèyàn kì í gbàgbé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló kó yín láyà sókè. Ìwádìí tí Slamecka àti Graf, àwọn onímọ̀ nípa bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣe lọ́dún 1978 ni wọ́n gùn lé. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ téèyàn fúnra rẹ̀ wá jáde máa ń dúró lọ́kàn ju èyí tó kàn kà lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe ìwé olójú-ewé 300 téèyàn tún kọ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Àtúnkọ yẹn gan-an ni wàhálà. Ẹ wò ó: ẹ̀gbọ́n olórí ìtàn kú ní orí 3 nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ tẹkún-tẹkún, ẹ tún un tò lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó yá ẹ yọ ikú náà kúrò. Ohun tó bá gba agbára yín jù ni ọpọlọ sábà máa ń dì mú. Kò bìkítà pé ẹ ti pa á rẹ́. Tó bá di orí 12, ẹ ó kọ “láti ìgbà tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n mi”. Òǹkàwé á ní, ẹ̀gbọ́n wo? Ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ má rí i, torí ohun tó wà lọ́kàn yín lẹ ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lójú ìwé. Olóòtú tó bá ní kí ẹ “ṣáà tún un kà dáadáa”, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń gbé kọ́ yín lọ́rùn.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ la ìwé kan sí òpó mẹ́rin: orúkọ ẹni tàbí nǹkan inú ìtàn, ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀, orí tó wà, ọjọ́ tí ẹ yí i padà. Ẹ má kọ ojú ewé, ó máa ń sún. Ìpínrọ̀ tí ẹ bá yọ, ẹ kó o sí fáìlì ọ̀tọ̀, ẹ kọ “KÒ SÍ MỌ́” sí i lórí. Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ ni o. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí ẹ rò pé ẹ kọ lẹ ó máa kọ síbẹ̀.

Gbólóhùn tó bá sì kàn já bọ́ sí yín lọ́kàn láìṣe làálàá, ẹ fura sí i. Ó lè jẹ́ ti ẹlòmíràn tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ kà, tàbí tiyín tó ti jáde rí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún nínú rẹ̀, kí ẹ wá a nínú gbogbo fáìlì yín àtijọ́ àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ béèrè, ẹ má tíì kà á. Ẹ parí rẹ̀, ẹ gbé e jù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ wá kà á sókè.