Mo ra léètì Myford ML7 àlòkù: túùlù wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Birmingham ni mo ń gbé. Mo ra ẹ̀rọ léètì Myford ML7, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí túùlù lè gé e, lọ́wọ́ bàbá kan tó ti dàgbà, ṣọ́ọ̀kì ẹlẹ́nu mẹ́ta (ohun tó ń di irin mú) nìkan ló sì bá a wá. Mo rí àpótí túùlù carbide kan (carbide le ju irin túùlù lásán lọ) tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ṣé kí n rà á? Mi ò ṣe iṣẹ́ irin rí.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì rà á. Ẹ̀rọ gidi lẹ rà. Ní Beeston, lẹ́bàá Nottingham, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ML7 kété lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irin nílé. Ìyípo 640 ní ìṣẹ́jú kan ni eré tó lè sá jù. Túùlù HSS (irin líle tí wọ́n ń pè ní high-speed steel) á gé irin rírọ̀ tó nípọn tó ínṣì kan dáadáa ní nǹkan bí ìyípo 400. Carbide ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, ẹ̀rọ yín kò sì lè dé ibẹ̀. Èyí tó wà nínú àpótí olówó pọ́ọ́kú kì í sábà mú, òkúta gíráńdà lásán kò sì lè pọ́n ọn.

Gíráńdà orí tábìlì ni kí ẹ fi owó náà rà, pẹ̀lú ọ̀pá HSS onígun mẹ́rin bíi mẹ́ta, ínṣì 3/8. Ẹ pọ́n ọ̀kan kó máa gé bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ìdí ṣọ́ọ̀kì. Òun nìkan lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ yín. Kí abẹ́ ẹnu rẹ̀ sá sẹ́yìn ní bíi dígírì 8, kí ìdí rẹ̀ má baà máa ha irin. Kí orí rẹ̀ dagẹrẹ bíi 12. Fún idẹ, kí orí náà tẹ́ pẹrẹsẹ, torí idẹ máa ń fa túùlù tó dagẹrẹ wọlé.

Gíga túùlù ló ń da àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ láàmú jù, wọ́n á sì máa rò pé ẹ̀rọ ló ti gbó. Ẹnu túùlù gbọ́dọ̀ bá àárín irin tó ń yí dọ́gba gan-an. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ fi rúlà irin tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín túùlù àti irin roboto inú ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ rọra fi túùlù tẹ̀ ẹ́. Bí rúlà bá dúró ṣánṣán, ó tọ́. Bí orí rẹ̀ bá tẹ̀ sọ́dọ̀ yín, túùlù ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tì í lábẹ́, kódà ayùn irin tó ti kú á ṣe é. Bí orí rúlà bá tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, túùlù ga jù, kò ní gé rárá.

Kí ẹ tó tan án, ẹ bu òróró ẹ̀rọ fífúyẹ́ tí wọ́n kọ ISO 32 sí lára sínú ife kékeré méjì tó wà lókè orí ẹ̀rọ. Bíárìn rẹ̀, ibi tí ọ̀pá tó ń yí ṣọ́ọ̀kì jókòó sí, kò ní bọ́ọ̀lù. Òróró tó ń kán sí i yẹn nìkan ló ń dáàbò bò ó.

Bí ṣọ́ọ̀kì bá kọ̀ tí kò tú kúrò lẹ́nu ọ̀pá tó ń yí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi jíà ẹ̀yìn (jíà tó ń dín eré ẹ̀rọ kù) há ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ kí ẹ wá fi agbára yí i. Eyín jíà ló máa ń kán, ọ̀pọ̀ ML7 ló sì ti bà jẹ́ báyẹn. Ẹ gbé igi líle sórí bẹ́ẹ̀dì (irin gígùn tí ẹ̀rọ jókòó lé) lápá ẹ̀yìn, kí ẹnu ṣọ́ọ̀kì kan gún un, kí ẹ wá fi ọwọ́ fa bẹ́líìtì sẹ́yìn.

Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, ẹ lo gíláàsì ojú, kí ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀kì láé.

Ọ̀pá EN1A, irin rírọ̀ tó rọrùn láti gé, ni kí ẹ fi kọ́ ọwọ́. Irin tí ẹ he lè le ju túùlù lọ. Ìlà kan lórí nọ́ńbà ọwọ́ ìdarí tó ń ti túùlù wọnú irin jẹ́ 0.001 ínṣì, ṣùgbọ́n 0.002 ni irin á fi dínkù, torí yíká ló ń gé. Bí ọwọ́ yín bá ti mọ ìyẹn, ẹ wá ṣọ́ọ̀kì ìlùhò tí ìdí rẹ̀ jẹ́ Morse 2 (ìwọ̀n ìdí tó ń tín-ín-rín), lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì ẹlẹ́nu mẹ́rin.