Ọmọ mi fẹ́ di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ọmọ mi ọkùnrin yóò gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní oṣù Karùn-ún, níhìn-ín ní Maryland. Kò gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún yunifásítì rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti ń bá ikọ̀ wọn ṣa bọ́ọ̀lù, ó sì ń bá wọn to fídíò, láti ọdún tó wọlé. Ní báyìí, ó ní òun fẹ́ di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti pé yunifásítì mìíràn fẹ́ gba òun fún oyè kejì kí òun lè máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ikọ̀ tiwọn. Bàbá rẹ̀ ní òun kò tìtorí ìyẹn san owó ilé-ìwé. Ṣé ọ̀nà wà níbẹ̀ lóòótọ́? Èmi, Ìyá Túndé.

Ìdáhùn: Ìyá Túndé, ẹ kú ìrònú ọmọ. Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n ó gùn, owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ipò tí wọ́n fi lọ Túndé yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbà wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ipò igbákejì, níbi tí iṣẹ́ tó pọ̀ jù ti jẹ́ kí wọ́n máa lọ láti ilé-ìwé gírámà kan sí òmíràn, kí wọ́n máa wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, kí wọ́n sì máa bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi gbà. (Ọmọ tí a kọ́ ní ìkíni àgbà kò ní jìyà níbẹ̀.)

Ẹ sọ ìtàn Brad Stevens, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, fún bàbá rẹ̀, nítorí ní Indiana tí mò ń gbé, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2000, ó fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ ní Eli Lilly, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní Yunifásítì Butler. Ní 2007, wọ́n fi í ṣe olórí nígbà tó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé yunifásítì kékeré yẹn dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 2010 àti 2011, bí wọ́n tilẹ̀ pàdánù méjèèjì, kí Boston Celtics, ikọ̀ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù náà ṣiṣẹ́ ṣe, tó wá mú un ní 2013. Tirẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn a máa pẹ́. Tom Izzo dé Yunifásítì Michigan State ní 1983, ó sìn lábẹ́ Jud Heathcote tó jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ títí di 1995 kó tó jogún ipò náà, ó sì gba ife ẹ̀yẹ ìdíje àwọn yunifásítì náà ní 2000.

Nítorí náà, ẹni tí Túndé yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wádìí ju orúkọ yunifásítì lọ. Bí ipò bá ṣí sílẹ̀ níbòmíràn, ọ̀gá àtijọ́ ni wọ́n máa ń pè lórí fóònù. Ẹ wo iye àwọn igbákejì ọ̀gá tí yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ náà tó ti di olórí, nítorí bí ó ti rí nínú ẹ̀kọ́ṣẹ́ nílé, ọ̀gá wà tí kì í fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ gbòmìnira.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Bí ikọ̀ bá ń pàdánù, wọn a lé olórí, àwọn igbákejì rẹ̀ a sì sábà bá a lọ. Olórí lè rí owó gbà lórí àdéhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ti igbákejì kì í tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí oyè kejì náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fi wá iṣẹ́ mìíràn, irú èyí tó bá ìṣirò owó rẹ̀ mu. Kí ó tó fọwọ́ síwèé, kí ó bi wọ́n bóyá wọn yóò san gbogbo owó ẹ̀kọ́ náà, bóyá adójútòfò ìlera wà níbẹ̀, àti bóyá yóò máa jókòó nínú ìpàdé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bí wọ́n bá ní rárá sí ìkẹta yẹn, kí ó wá ibòmíràn.