Ẹ Bi Wá: Sísọ Odidi Ẹ̀rọ Di Páàtì Kan Nínú Kọ̀ǹpútà

Láti Ìsọ̀kùn, Iléṣà: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ sínú SolidWorks, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ẹ̀rọ. Páàtì inú assembly (àwòrán odidi ẹ̀rọ tí a to páàtì pọ̀ sí) náà lé ní ọgọ́rin, bóòtù àti nọ́ọ̀tì sì ju ìdajì wọn lọ. Oníbàárà mi ní kí n fi ránṣẹ́ ní páàtì kan ṣoṣo, kí òun lè gbé e sínú àwòrán ilé gàrí tí òun fẹ́ kọ́. Mo ṣe Save As, mo yan Part, ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la inú rẹ̀ wò, ó ṣófo, kò sì ní ìwọ̀n kílò kankan. Mo tún un ṣe, mo ní kí Combine lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Kí ni mo ṣì ṣe?

Èsì: Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan Part nínú Save As, nǹkan mẹ́ta kan wà nísàlẹ̀ tí ojú máa ń fò: Exterior faces, Exterior components àti All components. Exterior faces lẹ mú. Awọ ẹ̀rọ nìkan ni ìyẹn ń bó jáde, awọ tí kò nípọn rárá, ohun tí kò bá sì nípọn kò lè wúwo. Exterior components ń mú odidi páàtì tí ojú lè rí láti ìta, á fi ti inú sílẹ̀. All components ń kó gbogbo rẹ̀. Exterior components ló yẹ yín: oníbàárà á rí férémù, ẹnu tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí àti ibi tí bẹ́lítì ń gbà, dúrọ́ọ̀mù inú tó ń rin ẹ̀gẹ́, tó jẹ́ àṣírí iṣẹ́ yín, á wà lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ dá Configuration (ẹ̀yà mìíràn àwòrán kan náà) tuntun sílẹ̀ nínú assembly, kí ti àkọ́kọ́ má baà yí padà. Nínú tuntun yìí ni kí ẹ ti Suppress (kí ẹ pa wọ́n kúrò lójú iṣẹ́ láì pa wọ́n rẹ́) gbogbo bóòtù, nọ́ọ̀tì àti wáṣà. Bí dúrọ́ọ̀mù bá máa wà níbẹ̀, ẹ Suppress pattern (ihò kan tí a tún ṣe léraléra) ihò ìṣó ara páànù rẹ̀ pẹ̀lú. Ihò ẹgbẹ̀rún kan, ó kéré tán, ojú ẹgbẹ̀rún kan ni kọ̀ǹpútà máa ṣírò. Àwọn ihò yìí ló ń dá laptop kékeré dúró, kì í ṣe férémù.

Ní ti Combine, ẹ ò nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Fáìlì kan lọ̀tọ̀, body kan (odidi ara kan tí kò ní ààlà nínú) lọ̀tọ̀. Fáìlì kan tó ní ọ̀pọ̀ body nínú ni Save As ń bí. Nínú àwòrán ilé gàrí, bí páàtì kan ni wọ́n á ṣe máa gbé e. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí 3D printer, tàbí tí ẹ kò fẹ́ kí ààlà wà láàárín irin àti irin, ni body kan ṣoṣo di dandan.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tó fi kọ̀. Àkọ́kọ́, Combine kì í lẹ ohun tí kò fara kan ara. Nínú assembly, ẹ ṣí Evaluate, ẹ tẹ Interference Detection, kí ẹ fi àmì sí Treat coincidence as interference. Yóò to gbogbo páàtì tó fara kanra. Èyí tí ẹ kò bá rí níbẹ̀ ń léfòó ni. Èkejì ló ń dà ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: irin méjì fara kanra lóòótọ́, àmọ́ ní ojú ìlà lásán. Ẹ wo ọ̀pá róbótó 12 mm tí ẹ fi ṣe ọwọ́ ìdìmú, tó sùn lé páànù pẹrẹsẹ. Ibi tí wọ́n ti pàdé kò nípọn, SolidWorks á sì kọ̀ ọ́. Lójú ayé, ojú jíjó wẹ́dà ló mú un dúró, nítorí náà ẹ ya ojú jíjó yẹn: igun mẹ́ta 5 mm ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ fà á gùn, kí ẹ wá Combine.

Bóòtù náà ní wàhálà tirẹ̀. Bóòtù M12 nínú ihò 13.5 mm ń fi àlàfo 0.75 mm sílẹ̀ yíká. Orí bóòtù dí i lókè, nọ́ọ̀tì dí i nísàlẹ̀, lẹ́yìn Combine ẹ ti ní kòtò tí kò lẹ́nu sínú irin. Ìdí mìíràn nìyẹn tí a fi ní kí ẹ kọ́kọ́ pa wọ́n.

Ẹ ka ìwọ̀n kílò nínú assembly, lábẹ́ Mass Properties, kí ẹ tó lẹ ohunkóhun pọ̀. Ohun èlò kan ṣoṣo ni body kan lè ní. Irin ṣáàfù jẹ́ 7,850 kg nínú mítà onígun mẹ́ta kan, púlì alumíníọ̀mù jẹ́ 2,700; tí wọ́n bá di ọ̀kan, púlì yín á wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fi Override Mass Properties kọ iye tòótọ́ sínú páàtì tuntun.

Fáìlì tí Save As bí kì í tẹ̀ lé assembly mọ́. Bí ẹ bá yí férémù padà lọ́la, ẹ ó tún un ṣe ni. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń tẹ̀ lé e, ẹ dá páàtì tuntun sínú assembly, kí ẹ lo Join lábẹ́ Insert, Features. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé fáìlì alápapọ̀ yìí lọ fún wẹ́dà: kò ní lè ka iye áńgù àti páànù tí yóò gé nínú rẹ̀.

Láti Lágéré, Ilé-Ifẹ̀: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fẹ́ tẹ ẹ̀rọ tí a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ lórí 3D printer, ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Dípò STL (irú fáìlì tí a ń lò fún 3D printer) kan, mẹ́tàdínlógún ló jáde.

Èsì: Ẹ tẹ Options lójú Save As, kí ẹ fi àmì sí Save all components of an assembly in a single file. Ìyẹn á kó wọn sínú fáìlì kan, àmọ́ kò lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di Part pẹ̀lú All components, ẹ Combine, kí ẹ tó ṣe STL.

Èyí tó máa dí yín lọ́wọ́ jù ni bí páànù ṣe máa tín-ín-rín tó. Páànù 2 mm á di 0.2 mm, ihò ẹnu printer tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ 0.4 mm, kò ní lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ páànù di 12 mm nínú àwòrán, kó lè jáde ní 1.2 mm. Inú assembly ni kí ẹ ti ṣe é, torí lẹ́yìn Save As, ìwọ̀n tí ẹ lè dì mú yí padà kò sí mọ́. Ẹ sọ ọ̀pá oníṣẹ́rẹ́ẹ̀dì náà di ọ̀pá dídán, ṣẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò ní hàn.

Láti Modákẹ́kẹ́: FreeCAD, ètò ìyàwòrán ọ̀fẹ́, ni mo ń lò. Mo ti fi Compound kó wọn pọ̀, àmọ́ ààlà ṣì ń hàn.

Èsì: Compound dà bí okùn tí a fi di igi: igi kọ̀ọ̀kan ṣì wà lọ́tọ̀. Ẹ lo Union nínú Part workbench. Lẹ́yìn náà, Refine shape ń pa àwọn ìlà tó kù lójú pẹrẹsẹ rẹ́, Check Geometry sì ń fi ibi tó bá bàjẹ́ hàn yín. Bí kò bá ní àléébù, ẹ tẹ Create simple copy, kí ẹ fi ẹ̀dà yẹn ránṣẹ́ ní STEP, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ètò ìyàwòrán lè ṣí.