Má torí ohùn olùkọ́ fi Bernini sílẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ, pé ọdún àkọ́kọ́ rẹ nìyí nínú ẹ̀kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà, pé iṣẹ́ Bernini, agbẹ́kùúta ará Ítálì nígbà Baroque (àṣà iṣẹ́ ọnà ọ̀rúndún kẹtàdínlógún), ni wọ́n ń kọ́ yín lọ́wọ́, àti pé Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ yín kò yé ọ rárá, o wá fẹ́ yí kọ́ọ̀sì padà. Jọ̀ọ́, má yí i padà. Ojú mi ti rí irú rẹ̀ ní London.

Ọmọ Glasgow ni olùkọ́ tiwa, ó sì ti gbé Ítálì pẹ́. Gbólóhùn tó yẹ kó wálẹ̀ níparí, ńṣe ló máa ń gbé e sókè. Mo máa ń rò pé ó ń bi wá ní ìbéèrè, màá ṣì máa wá ìdáhùn nígbà tí òun ti bọ́ sórí ère mìíràn. Ó sú mi débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ojú ló gbà mí lọ́wọ́ etí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣẹ́ náà kínníkínní kí n tó wọ kíláàsì. Wo ère Apollo àti Daphne, tí Bernini gbẹ́ láàárín 1622 sí 1625 fún Kádínà Scipione Borghese. Ó ṣì wà ní Galleria Borghese ní Róòmù. Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, òrìṣà Apollo ń lé Daphne, Daphne ké pe bàbá rẹ̀ tó jẹ́ òrìṣà odò, ó sì di igi. Wá fọ̀tò tí wọ́n yà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Láti ẹ̀yìn, Apollo lo máa rí jù. Bí o bá ń yí i ká, wàá rí i tí ewé ń yọ ní ìka ọwọ́ Daphne, tí gbòǹgbò ń hù ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wá wo ọwọ́ òsì Apollo dáadáa: ó ti tẹ̀ ẹ́ lára, àmọ́ èèpo igi ni ọwọ́ bà. Òkúta mábù ni gbogbo rẹ̀ o, ara, irun, aṣọ, títí dé ewé tín-ín-rín wọ̀nyẹn!

Lẹ́yìn ìyẹn, bí olùkọ́ wa bá dárúkọ èèpo igi, mo ti mọ ibi tó ń lọ kó tó parí gbólóhùn. Mo tún máa ń kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú: Carrara, níbi tí mábù náà ti wá, Pietro, bàbá Bernini tó kọ́ ọ níṣẹ́, Giuliano Finelli, ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó gbẹ́ ewé àti gbòǹgbò náà (ó ń dùn mí pé wọn kì í dárúkọ ẹni yìí tó). Bí orúkọ kan bá ti rú ọ lójú, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ti bọ́ lọ. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ sísàlẹ̀ fídíò, orúkọ Ítálì ló máa ń bà jẹ́ jù.

Bí kò bá yé ọ síbẹ̀, lọ bá olùkọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Ère ni kí o béèrè, má dárúkọ ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo bi tiwa nípa ère Bernini mìíràn, níbi tí òrìṣà Pluto ti ń jí Proserpina gbé, bí ìka Pluto ṣe rì sínú itan rẹ̀ bí ẹni pé ẹran ara ni, ó ṣí ìwé, ó nàka sí i, ó sì rọra ṣàlàyé. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo àwọn ère wọ̀nyẹn, inú mi kì í dùn sí bí àwọn kan ṣe ń sín in jẹ.

Fi Proserpina àti Apollo bẹ̀rẹ̀. Ère Saint Teresa tí Bernini gbẹ́, tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Vittoria ní Róòmù, fi í sẹ́yìn ná, torí fọ̀tò kan kò lè gbé e: fèrèsé kan pamọ́ lókè tó ń da ìmọ́lẹ̀ sórí rẹ̀, ère àwọn ará ilé Cornaro, ìdílé tó ni ilé àdúrà náà, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí wọ́n jókòó bí òǹwòran. Wá fídíò tó yí inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ká, pa ohùn rẹ̀, wò ó tán, kí o tó lọ gbọ́ ti olùkọ́ yín.